Ọlọ́hun Tó Bá Mi Di Ẹnu Mú ní Mushin

Tákíbíìrù! Mi ò gbọ́ yín o! Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jẹ́ kó dé Ládìpọ̀! Allahu Akbar! Alihamudulilahi! Mi ò mọ̀ pé màá fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá sí àṣàlátù yìí mọ́.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni ọmọ Ìyá Aláṣọ tó jókòó nídìí fèrèsé yẹn. Ìlú òyìnbó ni mo ti ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Mo fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ń fa èèyàn kalẹ̀ ládùúgbò, ta ló ń sọ fún ẹnì kan pé kó dìde, tó ń sọ fún ẹlòmíì pé kó jókòó. Kò sí nínú ìwé, àfi kéèyàn bi àwọn ará àdúgbò léèrè. Ni iléèwé bá ní kí n lọ sí òkè òkun lọ ṣèwádìí. Ẹ gbọ́ o, òkè òkun tí wọ́n ń wí, Mushin ni! Ibi tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ!

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Má tíì lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́, kí wọ́n má baà kọ́ àwọn yòókù ní ohun tí wọ́n máa sọ." Ó bọ́gbọ́n mu létí mi. Ìyá mi gbọ́, ó mi orí. "Onílé ò tíì mọ̀ pé o dé, o ti ń bá ará ilé sọ̀rọ̀?" Mo ní, "Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Gbogbo ẹni tí mo gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù ni mo ṣèlérí fún pé kò sí ẹlòmíì tó máa gbọ́ ọ. Ẹnì kan wà láàárín wọn. Ẹ má bi mí bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa Bàbá tó ń darí ẹgbẹ́ ládùúgbò wa, bó bá jáde, kò lè gbé Mushin mọ́.

Mo kí ìrun Alásárì tán, mo ń lọ jẹ́jẹ́ mi, ọkùnrin méjì dúró síwájú mi. "Àǹtí, Bàbá ń pè yín." Mi ò tíì lọ kí Bàbá!

Bàbá jókòó ní pálọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní, "Bàbá, spy ni! Ẹgbẹ́ kejì ló rán an. Gbogbo ẹ̀ wà nínú fóònù ẹ̀."

Bàbá ní, "O bá tọmọdé tàgbà sọ̀rọ̀ ládùúgbò mi, èmi nìkan ni o ò rí. Kí ni wọ́n sọ nípa mi? Ṣí i, ká gbọ́."

Yà Allah! Mo yára pa fóònù náà. Wọ́n já a gbà, wọ́n tún un tàn, wọ́n di àtàǹpàkò mi mú, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kò ṣí. Tí wọ́n bá ti pa á, nọ́ńbà ló máa ń béèrè. Ibẹ̀ ni ìyá mi já wọlé, aládùúgbò kan ló sáré lọ pè é, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀. Ó wólẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì í! Ọmọ mi, fún wọn ní nọ́ńbà náà, ká máa lọ sílé. Ṣé torí ìwé lo fẹ́ kú ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹkún ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Nọ́ńbà yẹn ti dé orí ahọ́n mi. Mo wá rántí ẹni yẹn, bó ṣe bojú wẹ̀yìn kó tó lanu. Mo ké pe Ọlọ́hun nínú ọkàn mi. Mo ní, "Bàbá, mo jẹ̀bi pé mi ò kọ́kọ́ wá kí yín. Ẹ bá mi wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kì í ṣe tèmi. Àmánà ni, wọ́n fi sọ́wọ́ mi ni. Ẹ fọ́ ọ bó bá wù yín."

Ọ̀kan gbé fóònù sókè láti là á mọ́lẹ̀. Bàbá na ọwọ́. "Gbé e síbẹ̀. Ẹ jáde, gbogbo yín." Ìyá mi náà jáde, ó ń sunkún. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Bàbá ní, "Tí mo bá sọ tèmi fún ẹ, tí ẹlòmíì wá dì ẹ́ mú báyìí, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lo máa ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Látìgbà tí mo ti ń ṣe ìṣèlú, mi ò rí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ tí kò ní dé ìta kí n tó délé. Dìde nílẹ̀. Tan fóònù ẹ. Tèmi ni kó gbà."

Alihamudulilahi! Bàbá sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì. Kí ni wọ́n sọ? Ẹ máa wojú mi, ẹ ò ní gbọ́ ọ! Wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sọ fún àwọn ọkùnrin yẹn pé ẹni tó bá fọwọ́ kan mi, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, àwọn ló fọwọ́ kàn. Bàbá náà ló yọ̀ǹda kí n wá jẹ́rìí, bí mi ò bá ti dárúkọ.

Ìwọ tí wọ́n ká mọ́ lónìí, tí wọ́n ní àfi kí o ta ẹlòmíì kí o tó lè bọ́, jọ̀ọ́, má tà á. Ọlọ́hun mọ ilẹ̀kùn míì. Ẹ bá mi dúpẹ́! Ẹ bá ìyá mi náà dúpẹ́!

Ẹni tí mo bo àṣírí rẹ̀ wà níjókòó láàárín yín bí mo ṣe ń wí yìí. Ó ń ṣe àmín bíi tiyín. Ẹ má wojú ara yín o. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n.