Gáùn Tí Màmá Kò Jẹ́ Kí A Pín

Ìyá Tóyìn, ọ̀rẹ́ màmá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ǹtì, pé òun rí gáùn màmá mi ní yunifásítì tí ọmọ-ọmọ òun ti ń kọ́ nípa aṣọ rírán. Ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ná. Gáùn yẹn ló sọ mí di olè nínú ilé bàbá mi!

Gáùn àdìrẹ ni, iṣẹ́ ọwọ́ aránṣọ ńlá kan tí àwọn ìyàwó ọ̀gá ń dúró dè nígbà tí ìjọba fún bàbá wa nílé ní Festac. Èmi àti Fúnkẹ́, àbúrò mi kan ṣoṣo, la jọ ń fẹ́ ẹ. Màmá a máa rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ óò kúkú gé e sí méjì lọ́jọ́ tí mo bá kú." Èmi ni mò ń tọ́jú ohun gbogbo nílé: fọ́tò, aṣọ ìsàmì, títí kan kọ́kọ́rọ́ wọ́dúróòbù. Nígbà tí Màmá kú, a pé jọ láti pín aṣọ wọn. A ṣí wọ́dúróòbù, gáùn ò sí. Fúnkẹ́ wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, lójú gbogbo ẹbí. "Olùtọ́jú ẹrù! Ẹ tọ́jú ẹ títí ó fi wọlẹ̀. Ta lẹ tà á fún lọ́jà Ágbójú?" Ṣebí ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà! Kuje tó wà nítòsí Festac ni Fúnkẹ́ ń gbé, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan péré ni sí ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n kò tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́.

Mo wá lọ sí yunifásítì náà. Inú páálí ni wọ́n ń tẹ́ aṣọ àwọn aránṣọ àtijọ́ sí, pẹ̀lú bébà funfun. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́jú wọn wọ ìbọ̀wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má fọwọ́ kàn án o." Mo ní kó bá mi yí inú ẹ̀gbẹ́ gáùn Màmá síta, kí n lè mọ̀ ọ́n dájú. Aṣọ olódòdó aláwọ̀ ìyeyè tí mo wọ̀ nínú fọ́tò ọdún kìíní mi ló wà níbẹ̀! Màmá gé e, wọ́n fi mú gáùn náà fẹ̀ sí i nígbà tí oyún Fúnkẹ́ ò jẹ́ kó gbà wọ́n mọ́.

"Ta ló gbé e wá?"

"Ìyá àgbà kan ni, fúnra wọn. Wọ́n ní ọmọ méjì ló ń fẹ́ ẹ, àwọn ò sì fẹ́ kí sísọ́ọ̀sì kàn án. Wọ́n ní àwọn á sọ fún àwọn ọmọ náà."

Áà! Àṣé ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí nìyẹn! Kò pẹ́ sígbà yẹn ni rọpá-rọsẹ̀ mú wọn, tí ahọ́n wọn ò yí mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń nàka sí wọ́dúróòbù. A rò pé òtútù ń mú wọn. Àwa a kàn mú ìborùn wá.

Mo ní kí Ìyá Tóyìn bá mi mú Fúnkẹ́ wá síbẹ̀. Ó dé tòun ti ojú líle. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí aṣọ olódòdó yẹn, ó bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, mo ti ń ba aṣọ yín jẹ́ kí wọ́n tó bí mi!" Ẹ̀rín pa wá pọ̀ mọ́ ẹkún.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má sọ pé ó dọ̀la kí ẹ tó sọ ibi tí ẹrù wà. Ahọ́n lè ṣáájú ẹni lọ. Ẹ̀yin ọmọ, bí aláìsàn bá ń nàka, ẹ má yára gbàgbọ́ pé ẹ ti mọ ohun tó ń wí. Ní tèmi, àyà mi ti balẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, Fúnkẹ́ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní ebi ń pa òun.