Ta Ló Júwe Ọ̀nà Ojú fún Ọ̀rá?

Àbí ẹni tí ojú ẹ̀ kan ti ń ṣú ló yẹ kó máa kó èèyàn láti Ayédé lọ sí Ọ̀yẹ́? Inú takisí ọ̀hún ni mo wà o, ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà gan-an, ìyàwó ẹ̀ sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níwájú, ó ń bá a jà.

"Bàbá Ìbejì, ẹ tún jẹ ẹran ọlọ́ràá kẹ́ ẹ tó kúrò ní ulé. Ṣé dókítà ò sọ pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín, pé ó ti dí iṣan tín-ín-tín lẹ́yìn ojú òsì yín? Ó ní tẹ́ ò bá lo oògùn, ọ̀tún máa tó tẹ̀lé e!"

"Ìyá Ìbejì, ikùn lọ̀rá tí mo bá jẹ ń lọ. Ta ló júwe ọ̀nà ojú fún un?"

"Ẹ̀jẹ̀ ló gbé e débẹ̀!"

"Ṣebí ọṣẹ dúdú ni mo fi ń bọ́jú láràárọ̀, tí mo ń lajú sílẹ̀ kó wọlé dáadáa? Ọ̀rá wo ló tún kù níbẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ojú ni mo wí! Àbí ẹ fẹ́ fi kànìnkànìn fọ ẹ̀jẹ̀ ni?"

Ta ló júwe ọ̀nà ojú fún un! Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Àfi bí bàbá ṣe ní, "Wò ó, jẹ́ n fi hàn ẹ́ pé ojú òsì yìí ríran." Ló bá fọwọ́ bo ọ̀tún, mọ́tò sì ń sáré lọ!

Mo pariwo: "Bàbá, ẹ mọ́wọ́ kúrò lójú! Ẹ dúró, mo fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀!"

Làwọn èrò tó kù bá kọjú sí mi, wọ́n ní mo rí àgbà fín. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?