Irun Rẹ̀ Ti Hù, Ṣé Kí N Dì Í?

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí. Àlejò kan ń bọ̀ wá bá mi láti Àkúrẹ́ lọ́la, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Ìyálé mi ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó fẹ́ kí n bá òun di irun. Irun dídì niṣẹ́ mi níbí ní Oǹdó, èmi ni mo sì ń dì í fún un láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Kí ló wá ń bà mí lẹ́rù?

Lọ́dún tó kọjá, irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bí mo bá ti fi ooyà kàn án, á tẹ̀ lé ooyà. Èékánná rẹ̀ ń ṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ń rùn bí aáyù, bẹ́ẹ̀ kì í jẹ aáyù rárá. Mo ní kó lọ rí dókítà. Àṣé èmi ló ń fura sí! Nípàdé ẹbí, lójú ìyá àwọn ọkọ wa, ó ṣí gèlè, ó nawọ́ sí mi: "Ìwọ nìkan lo ń fọwọ́ kan orí mi. Níbo lò ń kó irun mi lọ?" Èmi tí mo máa ń ṣa èyí tó já sínú ọ̀rá, kó lè fúnra rẹ̀ gbé e lọ sílé! Ọkọ mi wolẹ̀, kò gbèjà mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Àwọn oníbàárà mi náà gbọ́, wọ́n sì ń yà sílé ẹlòmíràn.

Ìgbà tó wá dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n bi í ní ohun tó ń lò. Ó yọ ike kápúsù kan nínú báàgì, èyí tó rà kí irun rẹ̀ lè kún. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sẹlẹ́níọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Ara ń fẹ́ ẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíńtín ni, ẹja àti ẹyin tí à ń jẹ sì ní in. Ẹyọ kan lójúmọ́ ni wọ́n kọ sára ike náà. Òun ń jù ú sẹ́nu bí ẹ̀pà. Dókítà ní àpọ̀jù rẹ̀ ló ń já irun, tó ń ṣẹ́ èékánná, tó sì ń mú ẹnu rùn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ó pè mí, ó sunkún, ó bẹ̀ mí, mo ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ẹbí ló ti sọ mí di àjẹ́. Orí fóònù ló ti bẹ̀ mí, níbi tí ẹlòmíràn ò ti gbọ́. Irun rẹ̀ ti hù báyìí, ó ní èmi ni kí n kọ́kọ́ dì í. Bí mo bá kọ̀, wọn á ní mo di kùnrùngbùn sínú. Bí mo bá dì í ńkọ́, tí ẹyọ irun kan bá já, ta ni yóò rántí kápúsù? Orí ta sì ni irun kì í ti í já? Mo ti fọ ooyà, mo ti wá ọ̀rá tuntun sílẹ̀. Ẹ bá mi sọ ọ́: ṣé kí n jókòó sẹ́yìn orí náà, àbí kí n ti ṣọ́ọ̀bù kó tó dé?