Bébà "A Ti Yẹ̀ Ẹ́ Wò"

Ẹ̀yin ará mi nínú ìmọ̀le, àti ẹ̀yin aládùúgbò wa tẹ́ ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí tẹ́ ẹ dúró lẹ́bàá géètì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí èké ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má wo ojú ara yín. Àbí ẹ rò pé inú kóòtù nìkan ni wọ́n ti ń jẹ́rìí èké?

Ọkùnrin kan wà ní Ìwó, Buliaminu lorúkọ rẹ̀. Kì í jalè, kì í pa ìrun jẹ. Ó máa ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́, àwọn tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn nílé láyé ọjọ́un. Ẹ̀rọ yẹn ló ń bá wọn tọ́jú ohun tí wọ́n bá kọ, torí díìsì ìgbà náà ti ń kú. Tó bá ṣe ọ̀kan tán, á kọ nǹkan sínú rẹ̀, á pa iná, á tún un tàn, á wò ó bóyá ohun tó kọ ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni yóò tó lẹ bébà mọ́ ọn: A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Á fọwọ́ sí i, á fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ́ kan, ẹni tó ń gbé ẹrù lọ ti dé ẹnu ọ̀nà, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀. Ẹ̀rọ kan ṣẹ́kù tí kò tíì yẹ̀ wò. Buliaminu gbé ọwọ́ lé e, ó ní, "Bísímílláhì, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ." Ó lẹ bébà, ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀yin náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ ó fi àdúà bo ìmẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ó wá pè é ní ìgbáralé Ọlọ́run.

Obìnrin kan ní Ọ̀ffà, Muinat, ló ra ẹ̀rọ yẹn. Bàbá rẹ̀ tó ti kú, àfáà ni, fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kọ ìtumọ̀ Kùránì lédè Yorùbá fún àwọn ọmọ rẹ̀. Orí díìsì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, díìsì náà sì ti gbó débi pé bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí yóò kà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ti yẹ ẹ̀rọ yìí wò. Ẹ wo bébà rẹ̀."

Ẹ̀rọ gba ọ̀rọ̀ bàbá wọn wọlé. Nígbà tó pa iná tó tún un tàn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Díìsì ò sì kà mọ́.

Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Buliaminu ní Ìwó. Buliaminu ti ń wá owó tí yóò dá padà fún un. Muinat ní, "Rárá, sà, n ò bá ti owó wá. Ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́?"

Buliaminu ní, "Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ mi."

Obìnrin yìí gbé ẹ̀rọ náà padà sínú àpò rẹ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé èmi ni mo bà á jẹ́ nìyẹn." Ó dágbére, ó lọ.

Ó délé, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Iléyá dé, wọn ò fún un lẹ́ran. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Buliaminu náà ò gbádùn. Ó tọ àfáà kan lọ pé kó bá òun tọrọ àforíjì. Àfáà ní, "Èyí tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run, tọrọ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ẹ̀dá ni èyí, ẹlẹ́tọ̀ọ́ ni kó o lọ bá." Ojú ń tì í, ó ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la. Nígbà tó wá dé Ọ̀ffà, ó bá ẹní nílẹ̀ níta, àwọn èèyàn jókòó, wọ́n ń ṣàdúà. Fìdáù Muinat ni wọ́n ń ṣe.

Ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n Muinat, ó sọ gbogbo rẹ̀. Èyí àgbà nínú wọn ń sunkún. Ó ní, "Ẹ ti sọ fún wa. Ta ni yóò wá bá wa sọ fún un?"

Ẹ máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀yìn sààréè ló ti bá èyí. Ìwọ tó ń fọwọ́ sí i pé o rí ohun tí o ò wò, ẹ̀rí lò ń jẹ́ yẹn, mọ̀láíkà sì ń kọ ọ́.

Ọlọ́run Ọba, má jẹ̀ẹ́ ká fi orúkọ Rẹ bo iṣẹ́ tí a ò ṣe. La ẹnu wa sí òtítọ́ nígbà tí ẹni tá a ṣẹ̀ ṣì ní etí tí yóò fi gbọ́. Àmín.