Lẹ́tà Ìtúsílẹ̀ Tí Mo Fi Pamọ́

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ku ọdún kan kó pé ogún, ṣùgbọ́n dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà mi ò lè dúró kí òtítọ́ sáré bá mi. Èmi fúnra mi ni mo ń lọ pàdé rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ́yà tí ẹ ń pè mí ní Ìyá Mẹ̀kúnnù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ irú ìyá tí mo jẹ́.

Gbogbo yín lẹ ti ka ẹjọ́ bíríkìlà nílé ẹ̀kọ́. Ìjọba tì í mọ́lé láìfẹ̀sùn kàn án, torí ó dúró níwájú katakata tí wọ́n fẹ́ fi wó ilé àdúgbò wọn. Èmi ni lọ́yà rẹ̀. Ìdájọ́ ẹjọ́ yẹn ló fòfin de títi ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló tìtorí rẹ̀ gba òmìnira, orúkọ mi sì kàn. Ohun tí ìwé yín kò sọ ni pé oṣù méje ṣáájú ìdájọ́ náà, lọ́yà ìjọba mú lẹ́tà kan wá sí ọ́fíìsì mi. Wọ́n ní bí a bá lè yọwọ́ nínú ẹjọ́, àwọn á tú bíríkìlà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Oníbàárà mi ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo mọ ìyẹn bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n bí a bá yọwọ́, kò sí ìdájọ́. Bí kò bá sì sí ìdájọ́, kò sí òkìkí. Mo ń tan ara mi pé torí àwọn tó kù lẹ́wọ̀n ni. Àwọn náà wà lọ́kàn mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkìkí ló wà níwájú. Mo ti lẹ́tà náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Akọ̀wé mi bi mí pé, "Mà, ṣé ká fi ránṣẹ́ sí oníbàárà wa?" Mo ní kó gbájú mọ́ ìwé tó ń tẹ̀. Ó gbájú mọ́ ọn, kò sì bi mí mọ́.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni ìyá bíríkìlà ń wá. Wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, bí mo tilẹ̀ ní kí wọ́n má bọ́ ọ, wọ́n á jókòó sétí àga.

"Lọ́yà mi, ṣé ìjọba ò tíì sọ nǹkan kan?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan, Màmá."

"Ẹ ṣeun o. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ta ni à bá sá tọ̀?"

Nígbà tó yá, ọjọ́ Ajé kan kọjá, màmá ò wá. Wọ́n ní àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀. Mo lọ rí ọmọ wọn lẹ́wọ̀n, lẹ́tà náà wà nínú báàgì mi. Mo fẹ́ fún un, mo fi Ọlọ́run búra. Ó bi mí pé, "Àǹtí, màmá mi ńkọ́?" Mo ní ara wọn le. Ó wá ní, "Ó ti sú mi. Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ lónìí, mi ò ní bá wọn ṣẹjọ́ mọ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn." Èmi ọ̀dàlẹ̀ yìí wò ó lójú, mo ní, "Wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ rárá. Fara dà á." Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní èmi nìkan ni kò tíì já òun kulẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n sin màmá. Ìjọba ò jẹ́ kí ọmọ jáde wá sin ìyá rẹ̀.

Lánàá, mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà, mo gbé lẹ́tà náà fún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo déètì orí rẹ̀. Ó ní, "Àṣé ẹ̀yin lẹ tì mí mọ́lé." Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ yín sùn? Ẹ̀yin nìkan ni lọ́yà tí mo mọ̀."

Mo ní ìgbìmọ̀ kan wà tó ń bá àwọn lọ́yà wí. Èmi ni mo mú bírò, tí mo bá a kọ ìwé ẹ̀sùn tó fi kàn mí, mo sì kà á sí i létí. Mo bi í bóyá ohun tó fẹ́ nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa bi í. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa bi àwọn oníbàárà yín kó tó pẹ́ jù, kí ẹ sì dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Òun ò tíì dárí jì mí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ó ní ó ku orúkọ ìyá òun nínú ìwé ẹ̀sùn náà. Mo gbé bírò sórí ìwé, mo ń dúró kó pè é. Ó wò mí títí.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

Mi ò mọ̀ ọ́n.