Ẹni Tó Ń Dí Òfin Ilé Ìwòsàn Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti tó sọ wàyí, nítorí ẹni tó ni ín ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, máìkì lọ́wọ́, òógùn lójú. Aṣòfin ni. Tọmọdé tàgbà tó dìbò fún un, Ọnọ́rébù ni wọ́n ń pè é. Èèyàn dáadáa ni, ẹnu rẹ̀ dùn, kì í rí aláìsàn kó má dúró kí i. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ ẹ́ bí kòkòrò ṣe ń jẹ igi láti inú: òfin tí gbogbo àdúgbò ń retí, tó ní òun ń jà fún nílé aṣòfin, kò tíì dé iwájú ẹnikẹ́ni rí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni ilé ìwòsàn ìjọba àdúgbò náà máa ń tilẹ̀kùn. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Ìyá Olùkọ́, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ti na ìdajì àwọn baálé ilé àdúgbò náà lẹ́gba rí. Ọmọ rẹ̀ bímọ sínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn yìí, tí ẹ̀ṣọ́ ń bá wọn kẹ́dùn láti inú. Ọlọ́run yọ ìyá, ó yọ ọmọ, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ọmọ ọ̀hún ní Géètì. Ìyá Olùkọ́ wá bá Ọnọ́rébù. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣòfin tí wọn ò fi ní lè máa ti ibẹ̀ mọ́."

Ọnọ́rébù fọwọ́ sọ̀yà. Ó kọ àbá òfin náà, ó kó o lọ sílé aṣòfin. Lọ́jọ́ tó yẹ kó kà á, wọ́n kọ́kọ́ gbé ìrẹsì àti adìyẹ fún wọn. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó tún bá ẹni tó jókòó tì í, tó ń gbààwẹ̀, jẹ tiẹ̀. Àga ibẹ̀ rọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Nígbà tí olórí ilé pè é, ìhanrun ló fi dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ì bá gbé àbá náà padà nígbà mìíràn, ojú ló ń tì í, torí wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọnọ́rébù Ìhanrun. Ó bá lọ ti àbá náà bọ abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó padà délé, tí Ìyá Olùkọ́ bi í léèrè nínú ìpàdé, ó la ẹnu pé òun fẹ́ sọ òótọ́, irọ́ ló jáde. Ó ní, "Ẹnì kan ló ń dí wa lọ́wọ́ níbẹ̀."

"Ta ni? Báwo ló ṣe rí?"

Ọnọ́rébù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí mẹkáníìkì tó ga bí òpó iná, ó ní, "Ó ga." Ó rí onífọ́tò tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ní èjí." Ó rí pásítọ̀ tó fi aṣọ ìnujú funfun kọ́rùn, ó ní, "Aṣọ ìnujú kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀." Bí ẹni ń ṣa aṣọ lórí okùn aláṣọ ló ṣe ṣa ọ̀tá jọ. Akọ̀wé rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, tún bu iyọ̀ sí i: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bó bá ti gbọ́ 'ilé ìwòsàn' báyìí, á ní 'Ó tì!'" Bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tí kò sí ní Ọ̀gbẹ́ni Ó-Tì nìyẹn.

Irọ́ náà dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ. Onígbàjámọ̀ ya Ọ̀gbẹ́ni Ó-Tì sára ògiri, àwọn ọmọdé ń sọ ọ́ lókò. Àwọn obìnrin gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ rẹ̀ dojú kọ gbọ̀ngàn ìpàdé, ní bí òun bá fojú kàn án, òun á fọ̀ ọ́ mọ́. Gbogbo ìgbà tí Ọnọ́rébù bá wá jíyìn, ó ń ròyìn ìjà tí òun àti ẹni yìí jà. Ó tilẹ̀ fi bàǹdéèjì wé ọwọ́ wá lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, èyí tó burú jù sì ni pé omijé náà kì í ṣe irọ́.

Nígbà tó yá, àsìkò ètò ìnáwó ọdún tuntun dé. Ọnọ́rébù pe ìpàdé kó lè ṣàlàyé ohun tí ìjọba máa fi síwájú: ọ̀nà, omi, ilé ẹ̀kọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí omi ni ọkọ̀ kan dúró níta, tí ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀. Ó ga. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn, èjí yọ. Oòrùn mú, ó sì fi aṣọ ìnujú funfun kọ́rùn.

Aṣòfin tuntun ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn rọ́pò ẹnì kan tó kú, òun sì ni wọ́n fi ṣolórí ìgbìmọ̀ ètò ìlera. Ìyá Alágbàfọ̀ dìde, ó ní, "Ọnọ́rébù, ṣé òun nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́" péré ló yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní ta wá ni? Ọnọ́rébù, ọmọ èèyàn gidi, mi orí sókè-sódò.

Ọpọ́n omi ọṣẹ kan ni Ìyá Alágbàfọ̀ dà lé àlejò náà lórí, èkejì tẹ̀ lé e. Mẹkáníìkì ti tú afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ rẹ̀ dànù. Àlejò sá wọ yàrá tí wọ́n ń kó àga sí, ó tilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń ké láti inú pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo ṣe? Mo wá sọ fún yín pé mo ti fi ilé ìwòsàn yín sínú ètò ìnáwó ni!"

"Irọ́ ni!" ni wọ́n fi dá a lóhùn. "Ẹ já ilẹ̀kùn! Ẹ lé e padà síbi tó ti wá!"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà sọ ọ́ létí ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé e, sà. Bó bá lọ, ọ̀rọ̀ bùṣe."

Ọnọ́rébù wo ilẹ̀kùn tó ń mì. Ó rí ọmọ Ìyá Olùkọ́ níbẹ̀, tó pọn Géètì, tó sì ń ti ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Obìnrin yìí ń fi èjìká ara rẹ̀ lé ilé ìwòsàn lọ, kò sì mọ̀. Ọnọ́rébù gun orí àga, ó gba máìkì.

"Ẹ dúró! Òun kọ́! Kò sẹ́ni tó ń dí yín lọ́wọ́ bí kò ṣe èmi. Ọ̀gbẹ́ni Ó-Tì ò sí láyé. Gíga mẹkáníìkì ni, èjí onífọ́tò ni, aṣọ ìnujú pásítọ̀ ni, ẹ má bínú, pásítọ̀. Mi ò ka òfin yín nílé aṣòfin rí. Wọ́n pè mí, mo ń sùn, mo sì ti jẹ adìyẹ méjì. Abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ mi lòfin náà wà. Kò sẹ́ni tó bá mi jà, kò sí nǹkan kan lábẹ́ bàǹdéèjì yẹn. Gbogbo èyí burú, àmọ́ ti òní yìí ló burú jù. Ẹ bi mí bóyá òun ni, mo mirí, mo sì dúró, mo ń wò ó bó ṣe ń tutù. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Mo sùn, ìyẹn kéré, ìgbà tí mo jí ni mo di apirọrọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wá jókòó síbi tí mo jókòó sí, bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tí ìtìjú rẹ̀ ṣì kéré. Ẹ dárí jì mí. Bẹ́ ẹ ò bá lè dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e lọ."

Ìyá Olùkọ́ ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. "Kò yà mí lẹ́nu," ó ní. "Kíláàsì kẹta ni oorun yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀ lórí àga."

Àlejò yọrí síta, ìfófó ọṣẹ létí. "Ta ló ni ọṣẹ yìí?" ó ní. "Ojú ń ta mí o." Ìyá Alágbàfọ̀ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó o mọ́. Ó gba aṣọ rẹ̀ fọ̀, ó lọ̀ ọ́, ó fún un ní ìró tirẹ̀ ró títí yóò fi gbẹ. Inú ìró olódòdó yẹn ni olórí ìgbìmọ̀ ìlera wà tó fi ń tún àbá òfin náà ṣe pẹ̀lú Ọnọ́rébù. Kò bá a ṣàwàdà, kò sì bú u. Ó kàn ń ní, "Ẹ tún ibí yìí kọ."

Wọ́n ka òfin náà nílé aṣòfin, wọ́n tún un kà, gómìnà fọwọ́ sí i. Ọnọ́rébù sáré wálé láti wá ròyìn. Ó dúró níwájú gbọ̀ngàn tó kún dẹ́nu, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, òfin yín ti yege!"

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń wo Ìyá Olùkọ́. Ìyá Olùkọ́ yọ fóònù, ó pe àlejò ọjọ́sí, ó sì gbé e sí etí. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹni wa dé, ó ní òfin ti yege." Ó gbọ́, ó mi orí, ó dá fóònù padà sínú báàgì rẹ̀.

"Òótọ́ ni," ó ní.

Ìgbà náà ni àtẹ́wọ́ tó dún.