Ìṣẹ́jú Kan Ààbọ̀ Tí Mi Ò Lè Dúró Dè

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìdágbére tí ẹ ní kí n kọ, mo ti ya á sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ti rin ọdún mọ́kànlá, òní ni ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn sí i; ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó bà mí.

Ẹ wo Anti Ayàwòrán lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Èmi ni mo pè wọ́n wá, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n wá gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dé láìpẹ́, ọ́fíìsì yìí ni wọ́n ti ń ya àwòrán ilé kí a tó lé wọn. Èmi, olùtọ́jú sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú gbogbo fáìlì wa, ni mo jẹ́ kí wọ́n lé wọn.

Ẹni tó bá ṣí fáìlì, sáfà á fi í sọ́kàn pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn lè wò ó, kò lè fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ́jú tí sáfà kú, ó gbàgbé. Tó bá jí, á dúró fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, kò ní dá ẹni tuntun lóhùn, kí àwọn tó ti ní nǹkan lọ́wọ́ lè kọ́kọ́ wá sọ pé, "Tèmi rèé." Ohun tí mo bà jẹ́ nìyẹn.

Ayàwòrán mìíràn wà tí a ń pè ní Kíákíá, ọ̀rẹ́ mi. Bí sáfà bá ti ń jí, á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi: "Ọ̀gá Sáfà, ẹ̀rọ yín ṣì ń nara ni?" Ojú á tì mí. Ni mo bá pa ìdúró yẹn rẹ́, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Kíákíá ní, "Ìwọ lọkùnrin." Orí mi wú. Òmùgọ̀ ni mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, iná ṣẹ́jú. Láti àárọ̀ ni Anti ti ń fi ilẹ̀kùn ìjáde kejì sí àwòrán ilé ìwòsàn kan. Sáfà jí, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Kíákíá já wọ inú fáìlì kan náà, ó kọ nọ́ńbà yàrá sí i, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn kọ́lékọ́lé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà Anti wá béèrè ohun tó jẹ́ tirẹ̀, sáfà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Iṣẹ́ àárọ̀ yẹn wọgbó. Ìgbà tí ilé ìwòsàn náà dé òrùlé ni àwọn kọ́lékọ́lé tó rí i pé ọ̀nà ìjáde kan ṣoṣo ló ní.

Ọ̀gá pè wá. "Anti, ẹ sọ lójú mi pé ẹ ti fi ilẹ̀kùn kejì sí i."

"Mo fi í sí i, ọ̀gá. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yà á." Wọ́n yíjú sí mi. "Àbúrò mi, ṣebí sáfà máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀? Jọ̀ọ́, bá mi wò ó."

Mo lọ wò ó. Ó wà níbẹ̀ rekete: aago mẹ́jọ ni Anti ṣí i, aago kan kọjá ni Kíákíá gbà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa á rẹ́. Mo padà wá, mo ní, "Mi ò rí nǹkankan." Anti wò mí, wọ́n ní, "Ó dáa, àbúrò mi. O ṣeun." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Látìgbà náà, kò sí ọ́fíìsì tó tún gbà wọ́n síṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́, mo rí díìsìkì kan nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, èyí tí mo fi ń pa ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sáfà mọ́ nígbà náà, tí mo ti gbàgbé. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn wà nínú rẹ̀! Èmi àgbàlagbà yìí fò sókè, mo forí gbá pákó tábìlì. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé tó wà lórí àga kálukú yín nìyẹn. Ọ̀gá, ẹ bá mi dá orúkọ wọn padà. Ẹ̀yin tí ẹ máa gba kọ́kọ́rọ́ yàrá sáfà, ẹ má torí ẹni tó ń kánjú gba ohun ẹni tó ń bọ̀.

Anti mi, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ forí jì mí. Bí ẹ ò bá sì lè forí jì mí, mo gbà. Mo fẹ́ dákẹ́ báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀: ti Anti ni, èyí tí mo gbà lọ́wọ́ wọn.